Funfun Tàbí Ìyeyè Fún Yàrá Wilkin

"Èwo lo rò pé ó dáa jù?" Enerolisa bi ọkọ rẹ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí ògiri.

Fermín wo ibi tó tọ́ka sí. Ọ̀dà méjì ló wà lára ògiri yàrá ọmọ wọn: ìyeyè tó ń tàn yòò, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kùn, àti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kùn láàárọ̀. Ní Miches, ìlú wọn létí òkun, ilé tó ń jò pàápàá kò ní ṣàì kun ọ̀dà tuntun kí Kérésì tó dé. Ilé tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nìkan ló ń kun funfun, kí ará àdúgbò lè mọ̀, kí wọ́n sì wá bá wọn kẹ́dùn.

Wilkin ti wọ ọkọ̀ ojú omi onígi lọ wá iṣẹ́ sí Puerto Rico, ní òdìkejì òkun, nígbà òjò, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́. Fermín ti rọ̀ ọ́ títí pé kí wọ́n pe àlùfáà, kí wọ́n gba àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án fún ọmọ náà. Obìnrin náà yarí kanlẹ̀: kò sẹ́ni tó rí òkú, àdúrà òkú wo ni wọ́n fẹ́ gbà?

"Ìyeyè ni Wilkin fẹ́ràn," ó wí. "Funfun ò ní wọ yàrá yìí níṣojú mi."

Ó tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Agara dá Fermín, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Wilkin, ẹnì kan rí i. Danilo tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ yẹn yè é, ó sì wá bá mi. Ó ní ọkọ̀ dojú dé, òun di ọwọ́ Wilkin mú títí agbára òun fi pin."

"Ìgbà wo ló wá?"

"Ó ti pẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Inú bí obìnrin náà gan-an. Gbogbo oúnjẹ tó ń bu sílẹ̀ yẹn, ṣe ni ọkọ rẹ̀ kàn ń wò ó níran. Díẹ̀ ló kù kó gbá a létí.

"Ṣé Wilkin sọ nǹkan kan kó tó lọ?"

"Ìwọ ló ń pè."

Enerolisa kò sunkún. Ó gbé garawa ọ̀dà funfun jáde síwájú ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilẹ̀kùn. Kò tíì kùn ún dé ìdajì tí obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì fi pa rédíò tó ń kọ orin Kérésì, tó da ìborùn borí, tó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.