Ìwà Tí A Ń Hù, Ìwà Tí A Ń Kùn

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbòjú. Kì í ṣe ìlú tí a ń bí ẹranko sí, ìlú tí ẹranko ń wọ̀ ni. Láti inú igbó tó jìnnà síra ni wọ́n ti ń wá nígbà tí iṣẹ́ oòjọ́ bá parí, kí wọ́n lè gbé ìgbé ayé mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá dé ẹnubodè yóò bọ́ awọ ilé rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì mú awọ tó bá wù ú wọ̀. Èkúté lè gbé awọ ẹkùn wọ̀. Ẹkùn tí agbára ti rẹ̀ lè wọ awọ ehoro kí ó fi sinmi. Nítorí náà kò sí ẹni tó mọ ilé ẹnìkejì, wọn kì í sì í béèrè. Awọ tí o bá wọ̀ ni orúkọ rẹ.

Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ilé ẹni, ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀. Ohun tí àwọn tó tẹ ìlú náà dó rò nìyẹn. Wọ́n fi Agẹmọ ṣọ́ ẹnubodè, wọ́n sì ní kí ó máa bi gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ìwà wo lo fẹ́ hù?” Ẹni tó bá ní ìwà rere ni, wọn a fi ẹfun kun ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwà ìkà ni, wọn a fi èédú kùn ún. Ẹni tó bá ní bí ilẹ̀ bá ṣe mọ́ ni òun yóò ṣe máa hùwà, osùn ni tirẹ̀. Kò sí èyí tí a fi ń dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí eré ni wọ́n wá ṣe, eré tí kò ní ọ̀tá kì í dùn. Bí eléèédú bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, olóko a lọ ti àká rẹ̀, kò sì sí ìbínú níbẹ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a ṣe ìfọjú. Gbogbo ìlú a lọ sí ìsun omi, wọn a fọ ojú oníkálukú mọ́, àwọn tó bá a gbé a sì jẹ́rìí ìwà tó hù. Ẹ̀rí yẹn ni wọ́n fi ń tún ojú kùn, kì í ṣe ohun tí ẹnu sọ lẹ́nubodè. Láàrin àwọn ẹlẹ́fun ni wọ́n ti ń yan olùṣọ́ ìsun, ẹni tí yóò máa pín omi títí òjò yóò fi rọ̀. Bí olùṣọ́ bá ń kọjá, gbogbo ẹranko a dìde dúró, títí kan Ẹfọ̀n tí í ṣe ọba.

Ẹtà àti Ìgalà wọ ìlú yìí ní ọjọ́ kan náà, àwọn méjèèjì sì yan ẹfun. Ẹtà ń bá arúgbó ru ẹrù ní oríta. Ó ń parí ìjà láàrin ọjà, ohùn rẹ̀ a sì ròkè tí gbogbo ọjà yóò fi gbọ́ bí ó ṣe parí rẹ̀. Ìgalà kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, oko rẹ̀ ni ó ń ro. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfọjú dé, ẹfun ni wọ́n kùn fún Ìgalà, òun ni wọ́n sì fi ṣe olùṣọ́ ìsun. Osùn ni wọ́n fún Ẹtà.

“Ẹ jọ̀ọ́,” Ẹtà wí, “ta ló jẹ́rìí Ìgalà?”

“Èmi ni,” Òòrẹ̀ dáhùn. Eléèédú ni Òòrẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, olè tí kì í fara pamọ́. “Mo jí iṣu rẹ̀. Ó mú mi, ó nà mí, ó sì gba iṣu rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé òùngbẹ ń gbẹ mí, ó bu omi fún mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi èmi àti ẹ̀gún ara mi.”

“Ẹ̀rí olè lẹ fi ń yan olùṣọ́?”

“Àbí ta ló tún mọ ọwọ́ tó nà án ju olè lọ? Ẹtà ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà gbé omi wá fún mi rí. O wo iwájú, o wo ẹ̀yìn. Nígbà tí o rí i pé kò sí ẹni tó ń bọ̀, o gbé igbá rẹ padà.”

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ẹtà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìjà ìlara kì í tán bọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Ẹtà kò ti lè mu omi kí ó má rí osùn ojú rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dìde fún Ìgalà, á máa wo ẹni tó yára dìde àti ẹni tó pẹ́. Nígbà kan, ẹ̀gún gún Ìgalà, ó ń tiro. Inú Ẹtà dùn. Nígbà tó rí i pé àwọn ẹranko ń gbé ewé wá láti fi di ẹsẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí jowú ẹsẹ̀ títiro pàápàá.

Níkẹyìn ó lọ bá ìgbìmọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo júbà. Kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe wá. Ẹni tó bá wá sí Ìbòjú, ó wá kí ó lè jẹ́ ohun tí kò lè jẹ́ nílé. A jẹ́ kí èkúté yan awọ ẹkùn, a kò bi í bóyá ó lè bú ramúramù. Èéṣe tí a kò jẹ́ kí ó yan ìwà bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ yí padà lẹ́nu Agẹmọ. Kí ó má béèrè ìwà tí a fẹ́ hù mọ́. Kí ó máa béèrè ìwà tí a fẹ́ kùn.”

Agẹmọ gbé ojú méjèèjì sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹlẹ́rìí yóò wá sọ nígbà ìfọjú?”

“Kí ni a ó tún máa fọ ojú ẹni fún?” Ẹtà wí.

Òòrẹ̀ dìde. “Kábíyèsí, olè ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ mi. Ohun tó bá hù ní gbòǹgbò, ohun tí a kùn kò ní. Ẹ ti ń rí mi lókèèrè, ẹ ti ń ti àká yín. Bí gbogbo wa bá funfun, ta lẹ ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́?”

Ẹfọ̀n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi kan ojú ara rẹ̀. Osùn ló wà níbẹ̀, láti ọdún tó ti jọba. “Ọ̀rọ̀ kan péré ni,” ó wí. “Ọ̀rọ̀ kan kò lè wó ìlú.”

Kí oòrùn tó wọ̀, ojú ọba ti funfun. Ta ni yóò wá kun osùn nígbà tí ọba kun ẹfun? Gbogbo wọn ló fẹ́ funfun, ẹni tó sì ti funfun tẹ́lẹ̀ fẹ́ kí tirẹ̀ nípọn ju ti aládùúgbò lọ. Ẹsẹ̀ ìsun ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹfun. Wọ́n ya lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èékánná àti ìwo.

Ìgalà dúró níwájú wọn. “Ẹ̀yin ará mi, mo bẹ̀ yín, ilẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́ yìí ló gbé omi dúró. Ẹ kun ojú yín bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ẹsẹ̀ omi.”

“Ẹ gbọ́ ọ!” Ẹtà kígbe. “Òun nìkan ló fẹ́ máa funfun. Ìlara ló ń bá a jà!”

Wọ́n sì gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìlara dùn-ún gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ adùn rẹ̀. Wọ́n gba igbá omi lọ́wọ́ Ìgalà, wọ́n gbé e lé Ẹtà lọ́wọ́. Ìgalà wo igbá náà títí, nítorí òun ló mọ bí omi ṣe kéré tó nísàlẹ̀ ìsun. Lẹ́yìn náà ó bomi fọ ojú rẹ̀, ó sì jáde ní ìlú láìkun nǹkan kan.

Iṣu ń sọnù, ẹ̀pà ń sọnù, kò sì sí olè. Ojú funfun ni wọ́n fi ń kí olóko pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù.” Nígbà tí wọn kò rí ẹni tí wọn yóò mú, wọ́n mú Òòrẹ̀ tó ṣì kun èédú, wọ́n lù ú, àwọn tó jí iṣu ló sì lù ú jù. Òòrẹ̀ kó ẹ̀gún rẹ̀ jọ. Ó ní olè ni òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè máa gba ẹgba olè tí òun kò jà. Ó bá ọ̀nà tí Ìgalà gbà lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ẹsẹ̀ ìsun dún gììrì. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ nínú rì wọlé, ó bo omi mọ́lẹ̀. Wọ́n wa ilẹ̀ náà títí èékánná wọn fi kán. Ẹfun ni wọ́n ń wà jáde.

Ẹtà jókòó létí ìsun náà síbẹ̀, igbá wà lórí itan rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá a dúró fún un pẹ̀lú ètè gbígbẹ, á ní, “A kí ẹ o, olùṣọ́.” Ibi tó jókòó sí náà ni lékèélékèé kan tó ń rìnrìn àjò ti bá a.

“Níbo lo ti ń bọ̀?” Ẹtà bi í.

“Ẹ̀yìn òkè. Omi kékeré kan wà níbẹ̀. Ìgalà kan ló ń bù ú fún wa.”

Ẹtà gbé orí sókè. “Kí ló kùn sójú?”

“N kò wo ojú rẹ̀.”

“Ṣé ẹ ń dìde fún un?”

“Rárá o. Ta ni yóò ráyè dìde? A kàn ń mu omi ni.”

“Kí lẹ wá ń pè é?”

Lékèélékèé rò ó díẹ̀. “Òòrẹ̀ kan tó wà níbẹ̀ ń pè é ní, ‘Ẹni tó nà mí.’ Òun àti Ìgalà a sì jọ rẹ́rìn-ín.” Ó na ìyẹ́, ó fò lọ.

Ẹtà bu ẹfun sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wá omi tí yóò fi pò ó, kò rí. Ó fẹ́ tu itọ́ sí i, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Ó gbé e lé ojú bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ dànù, ó sì tún ń bu òmíràn.