Ọjọ́ Tí Ilé Ìkàwé Wa Dìde

Ìyá Ṣadé, má tíì lọ dáná, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá kó tó pòórá lọ́kàn mi. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pa. Ọ̀gá àgbà wá pe gbogbo wa sí pápá, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń gbálẹ̀, títí kan àwọn ará abúlé ẹ̀yìn ọgbà. Ilé ìkàwé dùbúlẹ̀ sáàárín wa bíi màlúù tó ti rẹ̀, ó ń mí, fèrèsé rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Ọ̀gá ní, “Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ yìí dà, ó ń gbọ́ yín.”

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó pọnmọ ní, “Ẹ jẹ́ ká ní ibi tí a ó máa gbé ọmọ sí tí a bá wà ní kíláàsì.” Ilé ìkàwé gbórí sókè. Baálẹ̀ abúlé náà ní, “Ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú.” Ilé ìkàwé na ẹsẹ̀ iwájú. Bí kálukú ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń dìde, ìwé ń já bọ́ lára rẹ̀, èyí tó bá sì kanlẹ̀ á di koríko tútù. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá bá yíjú sí mi: “Tíṣà, ẹ̀yin ńkọ́?”

Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kí ilé ìkàwé nà. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Mo lanu, mo sì gbọ́ tí o ń bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lójú oorun.