Ọ̀rọ̀ Kan Tí Sewanu Túmọ̀

Ẹ wò ó, kí ènìyàn gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ burú ju kó má gbọ́ rárá lọ. Ẹni tí kò gbọ́ á béèrè. Ẹni tó gbọ́ díẹ̀, ta ni yóò bi?

Ìwé mẹ́ta girama ni Sewanu kà kó tó fẹ́ Daniel apẹja ní Iworo, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ará etí omi ń gbé lẹ́tà tọ̀ wá. Inú rẹ̀ a sì máa dùn, orí rẹ̀ a wú! Daniel kò mọ̀wé rárá, nítorí náà ọwọ́ ìyàwó ni fóònù rẹ̀ ń gbé.

Ọjọ́bọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé látọ̀dọ̀ Mákánjú, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì. Ìdílé tirẹ̀ àti ti Daniel ló ń jà sí ilẹ̀ àgbọn kan. Kì í sì í ṣe ìjà ẹnu o. Lọ́dún tó kọjá, àdá àbúrò Mákánjú gé etí òsì Daniel jábọ́ sínú iyanrìn, Sewanu ló já ìró ìdí rẹ̀ fi di ojú ọgbẹ́ náà. Mákánjú aṣefújà, gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́: "Tell Daniel we execute on Saturday. Bring two witnesses."

Sewanu kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ "execute" yẹn dáadáa. Inú rédíò ló ti ń gbọ́ ọ: wọ́n yẹgi fún ọ̀daràn kan, wọ́n yìnbọn fún òmíràn, "execute" ni wọ́n ń pè é. Síbẹ̀ ó wá ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ àtijọ́ jáde. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n pa ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún. Ìtumọ̀ kejì àti ìkẹta wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ó kà wọ́n? Kí ló tún fẹ́ kà! Ó pa ìwé dé.

"Bàbá Láyọ̀, wọ́n fẹ́ pa yín o! Lọ́jọ́ Sátidé! Wọ́n tiẹ̀ ní kí ẹ mú ẹlẹ́rìí méjì wá!"

Daniel fọwọ́ pa ibi tí etí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. "Ta ló ń ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ pa? Ìyá Láyọ̀, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Èmi tí mo kàwé? Ó dá mi lójú."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Hẹ̀n, ó di odindi lóòótọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀. Mákánjú sọ̀ kalẹ̀, Ruth ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà tẹ̀lé e. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló dẹ́rù ba Sewanu jù.

"Daniel, òní lọjọ́ pé!" Mákánjú ti ọwọ́ bọ inú báàgì.

"Ó fẹ́ yọ ìbọn o!" Sewanu figbe ta. "Ẹ lù ú!"

Daniel fi àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ là á lórí. Mákánjú ṣubú sínú omi. Daniel tún là á, ó tún là á, títí egungun fi fọ́ tí omi etídò fi pọ́n. Ruth da ara rẹ̀ bo bàbá rẹ̀, àjẹ̀ náà ṣẹ́ ẹ lápá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, Sewanu rí ohun tó wà lọ́wọ́ òkú. Bíírò ni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti tún pàdé, apá Ruth wà nínú sìmẹ́ǹtì ilé ìwòsàn.

"Ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí 'execute' tí bàbá mi kọ túmọ̀ sí nìyẹn," Ruth sọ. "Wọ́n fẹ́ dá ilẹ̀ yín padà fún yín. Òun àti ti ikú, ọ̀rọ̀ kan náà ni, mà. Èdè Látìn ló ti wá: kí ènìyàn tẹ̀lé nǹkan dé òpin. Bóyá àdéhùn ni o, bóyá ìdájọ́ ni."

Sewanu wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Ruth mú. Ayé rẹ̀ ti bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́. "Ruth, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. Kí ni wọ́n máa fi ọkọ mi ṣe?"

Ruth fa ẹsẹ̀ yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tí adájọ́ bá ní ó jẹ̀bi, wọ́n á execute ẹ̀. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, èyí tí ẹ mọ̀ yẹn ni."