Ààwẹ̀ Zubaidah

Gbogbo àdúgbò wọn ní Mọ́níyà ló ń fi Zubaidah ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ràmàdáánì parí, ààwẹ̀ tiẹ̀ ò parí. Ó gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà tó máa ń tẹ̀ lé e, ó bọ́ sórí ti Mọ́ńdè àti Tọ́sìdé, nígbà tó yá, ojoojúmọ́ ni. Lateef bàbá rẹ̀ kì í gbà ju ti Ràmàdáánì lọ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lórí ọmọ náà ní mọ́sáláṣí.

Inú Mùsílímátù, ìyá rẹ̀, náà ń dùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ń fi ẹlẹ́rìndòdò àti pọ́fù-pọ́fù ṣe oúnjẹ ọ̀sán nílé ìwé, tiẹ̀ ń wá ojú rere Ọlọ́run. Ìyá wo ni kò ní í yọ̀?

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ọkàn rẹ̀ ṣàdédé sọ sí i pé Zubaidah ò fi ọjọ́ kankan sinmi ààwẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀, ọmọ náà sì ti mọ èyí láti ilé kéú. Àyà Mùsílímátù já. Oyún nìyí!

Ó wọ yàrá ọmọ náà, ó ti ilẹ̀kùn.

"Zubaidah, ta ló fún ẹ lóyún?"

"Oyún kẹ̀? Mọ́mì, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ ọkùnrin kankan."

"Nǹkan oṣù ẹ dà?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Kò wá mọ́. Ó ti pẹ́."

Lateef ń pariwo ní pálọ̀: "Zubaidah, máa bọ̀ o! Wọ́n fẹ́ pèrun. Alhaji Sàníù ti mọ́sáláṣí wá kí ẹ!"

"Bọ́ híjáàbù yẹn," Mùsílímátù wí. "Bọ́ ẹ̀wù náà. Kí n fojú ara mi rí ikùn ọ̀hún."

Zubaidah bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ìgbà tí ẹ̀wù bọ́ sílẹ̀, kò rí ikùn kankan. Egungun ìhà ló rí, gbogbo rẹ̀ yọ síta, apá ọmọ náà ò sì ju ti ọmọ kékeré lọ. Ó wá wu Mùsílímátù kó kúkú jẹ́ oyún.

"Oúnjẹ ìṣínu tí o máa ń gbé wọ yàrá ńkọ́?"

"Adìyẹ ni mò ń fún." Ó ń fi ọwọ́ bo ara rẹ̀. "Wọ́n ń pè mí ní Òròbó ní kíláàsì. Tí mo bá ti ní mò ń gbààwẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fipá mú mi jẹun. Mọ́mì, mo ṣì sanra."

Wọ́n pèrun. Mùsílímátù wọ̀ ọ́ láṣọ, ó fà á lọ́wọ́ jáde. Lateef ti gbé dàbínù àti ẹ̀kọ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ó yá, ọmọ dáadáa, ṣínu."

Zubaidah mú dàbínù kan. Ó gbé e dé ẹnu, ó tún dá a padà sínú àwo.

"Mi ò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

"Ẹ̀ ń gbọ́ ọ, Alhaji?" Lateef rẹ́rìn-ín. "Ó tún fẹ́ gbà á mọ́jú!"

"Bàbá Zubaidah, ẹ yé yìn ín!" Mùsílímátù ká híjáàbù àti ọwọ́ ẹ̀wù ọmọ náà sókè dé èjìká. "Ẹ wo apá ọmọ yín. Ó ń kú lọ lójú wa."

Lateef wo apá náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, lójú àlejò.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré."

Zubaidah ń sunkún. Ó fẹ́ ṣe é fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò là.