Ọtí Ẹni Tó Borí

Kò sí ẹni tó rí mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí dòní. Bó bá jẹ́ pé adájọ́ kan na ìka sí mi lọ́jọ́ náà, tí àwọn òǹwòran sì hó lé mi lórí, ǹ bá ti jiyàn, ǹ bá ti bínú, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́lìn, eré wa tí a ti ń ju òkúta ńlá kó yọ̀ lórí yìnyín dé ojú àmì, kì í ṣe eré tí adájọ́ ń fi fèrè lé ènìyàn kiri. Ìwọ fúnra rẹ lo máa jẹ́wọ́. Bí ìgbálẹ̀ tí o fi ń gbá yìnyín níwájú òkúta bá fara kan òkúta náà bó ti ń lọ, ìwọ lo máa pariwo pé o ti kàn án, kódà bó jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ̀. Wọ́n kọ́ mi ní ìyẹn kí wọ́n tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju òkúta.

Ẹni tó kọ́ mi ni Àǹtí Luella Prokop.

Abúlé wa, Dunmarrow, kò ju ọgọ́ta ilé lọ. A ní ilé ìkó-ọkà kan, ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí kì í kí ara wọn, àti gbọ̀ngàn yìnyín tí kò gbà ju eré méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Luella ló ń wọ́n omi sórí yìnyín yẹn láràárọ̀ kó lè dáa fún òkúta láti rìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó gbé ọwọ́ mi lé òkúta àkọ́kọ́.

"Má tì í, Corinne! Jẹ́ kó lọ fúnra rẹ̀. Ṣé ẹnì kan ń lé ọ bọ̀ ni?"

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ tó bẹ̀rù rẹ̀ lọ ṣe eré mìíràn. Èmi dúró.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, èmi àti òun pàdé ní ìlú Regina, níbi ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè wa, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, síbẹ̀ òun ni igbákejì ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Èmi náà ni igbákejì nínú ẹgbẹ́ tiwa, Jolene Wasyliw ni ọ̀gá wa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dé ìdíje yẹn rí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì ti lé wa sílé kí ó tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé bí a kò bá rí i ṣe lọ́tẹ̀ yìí, mo ti jáwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Àǹtí Luella ní òtẹ́ẹ̀lì, ó dúró síwájú bébà tí wọ́n kọ àkókò eré sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ògiri.

"Corinne, bá mi kà á. Mo gbàgbé awò ojú mi sínú yàrá."

"Àǹtí, awò ojú yín ló wà lórí yín yẹn."

Ó fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bu kọfí.

"Awò ò ràn án mọ́. Dókítà ní àárín ojú mi ló ń kú, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù. Bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí, etí rẹ nìkan ni mo ń rí. Kò kúkú burú, etí rẹ dáa ju imú rẹ lọ."

"Báwo lẹ wá ṣe ń ju òkúta?"

"Mo ń rí ìgbálẹ̀ tí ọ̀gá mi bá gbé sókè láti júwe ibi tí màá jù ú sí. Èyí tó kù, ara mi mọ ọ̀nà. Bí ó bá gbọ́, ó máa fi ẹlòmíì sípò mi lónìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni ìkẹyìn mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Mo ṣèlérí. Mo sì mú ìlérí náà ṣẹ, torí mi ò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi ẹgbẹ́ wa àti ẹgbẹ́ Àǹtí Luella kojú ara wọn. Ẹni tó bá borí yóò wọ inú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù, ẹni tí kò bá borí yóò di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n fi wá sí. Àárín gbọ̀ngàn ni eré àwọn ọkùnrin wà, ibẹ̀ ni gbogbo kámẹ́rà kọjú sí, ibẹ̀ náà ni ariwo wà. Abala ìkẹyìn dé, mẹ́fà sí mẹ́fà ni wá. Ọ̀gá wọn ju òkúta tó kẹ́yìn pátápátá kí ó lè gbá tiwa dànù. Òkúta náà kọjá lọ láìkan nǹkan kan. Òkúta méjì péré ló kù nínú ilé, ìyẹn àwọn òbìrípo tí a kùn sórí yìnyín: pupa kan, tiwọn, àti yẹ́lò kan, tiwa, ọ̀kan lápá ọ̀tún àárín, ọ̀kan lápá òsì. Èyí tó bá sún mọ́ àárín jù ló ni eré.

Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn kì í wọ inú ilé. Àwọn igbákejì méjèèjì nìkan ló máa wọlé, wọn á bẹ̀rẹ̀, wọn á wò ó. Bí ẹnu wọn bá kò, ó parí, adájọ́ ò ní bi wọ́n léèrè. Bí kò bá kò, wọn á pe ọ̀pá ìwọ̀n, kí adájọ́ gbé e wá wọn òkúta méjèèjì.

Mo wò ó. Pupa ló sún mọ́ jù, pẹ̀lú ìwọ̀n ìka kan. Kì í ṣe pé mo rò bẹ́ẹ̀. Mo rí i kedere.

Àǹtí Luella bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ lé orúnkún, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ bí adìyẹ tó ń wo àgbàdo. Kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn yẹn tó mọ ohun tó ń ṣe. Èmi mọ̀. Mo mọ̀ pé òkùnkùn ló wà níwájú rẹ̀, pé bí ó bá pe ọ̀pá ìwọ̀n fún ohun tí gbogbo ojú tó dáa lè rí, ọ̀gá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Èmi ló yẹ kí n sọ òtítọ́, tàbí kí n pe ọ̀pá náà. Kò ní ná mi ní nǹkan kan, àyàfi eré yẹn.

"Kí lo rí, Corinne?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tiyín ni, àbí?"

"Tiwa ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àǹtí Luella nà dúró, ó ní, "Ó dáa," ó sì fi ẹsẹ̀ ti òkúta pupa náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

Nínú yàrá ìmúra, nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, mo jókòó ti Jolene.

"Jolene, tiwọn ló sún mọ́ jù."

Bàtà ló ń tú, kò gbójú sókè. "Ṣé ẹnu ẹ̀yin méjèèjì kò?"

"Ó kò."

"Kí ló wá kù? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá ibi yìí, Corinne. Lọ ra ọtí fún màmá yẹn, kí o sì fi tìrẹ dí ẹnu rẹ."

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó bá mi gbé ẹrù náà.

Àṣà kọ́lìn ni pé ẹni tó borí ló ń ra ọtí àkọ́kọ́ fún ẹni tó pàdánù, igbákejì a sì jókòó kọjú sí igbákejì. Bí ẹ bá kórìíra ara yín títí dọ̀run, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó. Mo gbé wisikí àti kóòkì wá fún Àǹtí Luella, mo gbé bíà tèmi sílẹ̀, mi ò lè mu ún.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ò fajú ro tó báyìí. Èmi ni wọ́n borí, kì í ṣe ìwọ."

"Ó rẹ̀ mí ni, Àǹtí."

"Màá sọ fún wọn lálẹ́ yìí nípa ojú mi. Ó ti parí náà." Ó ń yí ife rẹ̀ po lórí tábìlì, kò tíì fi kan ẹnu. "Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló dúró síbẹ̀, ǹ bá pe ọ̀pá ìwọ̀n, kí wọ́n máa sọ ohun tó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ní, Corinne mà ni. Ọmọ tí mo kọ́. Ojú rẹ̀, ojú mi náà ni."

Mi ò lè wò ó. Ó sún mọ́ mi.

"Òkúta pupa yẹn, èmi ni mo jù ú. Òun ni mo jù kẹ́yìn láyé mi. Mo gbọ́ tí wọ́n hó, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tó dúró sí. Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ṣé ó dáa?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò lọ tó wákàtí méjì.

"Ó dáa, Àǹtí. Ó dáa ju tiwa lọ."

"Báwo?"

"Òun ló sún mọ́ jù. Ìwọ̀n ìka kan. Mo rí i."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ẹ gbà mí gbọ́, ìyẹn ló burú jù. Inú rẹ̀ dùn sí òkúta rẹ̀. "Ìka kan," ó ní, ó gbé ìka tirẹ̀ sókè, ó yí orí kí ó lè rí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yòókù tó wọ̀ ọ́ létí, ẹ̀rín náà sì kúrò.

"Màá lọ sọ fún àwọn adájọ́," mo ní. "Nísinsìnyí."

"Kí ni wọ́n máa wọ̀n? Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi tì í."

Ó rọra ti ife wisikí náà padà síwájú mi. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sókè, ó pe ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí.

"Kí lo máa mu?" ó bi mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹni tó borí ló ń rà á. Mo ní kí lo máa mu, Corinne?"

"Bíà."

Ó rà á. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀gbẹ́ ojú sí mi, ó ń dúró. Mo mu ún tán pátá, torí ẹni tó pàdánù kì í kọ ọtí ẹni tó borí. Òun náà ló kọ́ mi.