Ẹni Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Kìtán

"Kìtán wà ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, Bàbá. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó sì jẹ́." Dókítà Adébùsóyè, olùkọ́ ní yunifásítì, sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Bàbá Kìtán, tó wá láti Bọ́lọ́rundúró, mí kanlẹ̀. Ẹrẹ̀ oko kòkó ṣì wà lára bàtà rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màdáámù. Fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, ìyá rẹ̀ ò sì jẹun. Àwọn ọlọ́pàá Oǹdó ní bó bá ṣì ń wá sí kíláàsì, kò sọnù. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó máa lọ."

"Ẹ wọlé. Mo fẹ́ pe orúkọ báyìí."

Gbémiga, ọ̀rẹ́ Kìtán, gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń bá Kìtán jẹ́ ẹ. Ẹni tí kì í wá sí kíláàsì kò ní ṣèdánwò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ náà débi pé ohùn nìkan ni olùkọ́ ń gbọ́. Bí ẹnì kan bá rìnrìn àjò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a jẹ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. "Bá mi jẹ́ ẹ," ni Kìtán wí lọ́jọ́ tó ń lọ tún fóònù ṣe lọ́jà Oǹdó. Kò padà dé. Gbémiga ṣáà ń jẹ́.

Nígbà tó jókòó, Tòkunbọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgúnpá gún un. "Má lanu o. Màmá yìí á lé ẹ kúrò níléèwé, ìdánwò ìkẹyìn ló sì kù fún wa. Kìtán ti tẹ̀lé ọmọge lọ ni."

"Tí kì í bá ṣe ọmọge ńkọ́? Ṣé o ò mọ bí ọ̀nà Oǹdó yẹn ṣe rí ni?"

Tòkunbọ̀ ṣí ìwé rẹ̀.

"Akínlolú Leah."

"Mo wà, Ma."

"Akíntóyè Kìtán."

Bàbá dìde lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ti etí rẹ̀ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Dókítà tún un pè. "Ó jọ pé kò wá lónìí, Bàbá. Ẹ má dààmú, ó kúkú wà níbí lọ́jọ́ Ajé."

Bàbá mi orí, ó gbé fìlà rẹ̀ kó máa lọ sílé.

Gbémiga dìde. "Kò sí níbí lọ́jọ́ Ajé, Ma. Èmi ni mo jẹ́ ẹ."

Bàbá ò pariwo. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti lọ sí Oǹdó, Bàbá."

Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀. "Gbé báàgì rẹ," ó wí. "Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún ọlọ́pàá."

Gbémiga gbé e, ó tẹ̀lé e jáde. Títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kò gbọ́ kí Dókítà pe orúkọ tó kàn.