Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Ìwé

Moufida, tó ń ta oògùn apakoríko lọ́jà Bantè, kò gba ọkùnrin tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbọ́ rárá. Ọkùnrin náà ní Pierre-Claver lòun ń jẹ́, pé ìjọba ló rán òun wá kó oògùn tí wọ́n ti fòfin dè.

Moufida ní, "Ọ̀gá, irú yín ti wá rí. Ẹ ó kó o tán, ẹ ó lọ tà á ní Djaloukou."

Inú ọkùnrin náà kò ru. Ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì oògùn kan, ó ní, "Màmá, ẹ fi èékánná ha ìwé ara rẹ̀ fúnra yín."

Moufida ha á, kó lè já irọ́ ọkùnrin náà. Ìwé òkè ṣí, òmíràn sì yọ lábẹ́ rẹ̀: orúkọ oògùn tí wọ́n fòfin dè gan-an, pẹ̀lú àwòrán agbárí òkú. Seidou ará Savalou, tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò láti ọdún mẹ́jọ, ló kó o wá fún un.

Ó rántí àwọn àgbẹ̀ Pira tó rà á lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ẹ kó o," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i."

Bó ti gba ìwé tí ọkùnrin náà fọwọ́ sí, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gun alùpùpù, ó sì forí lé Pira láti lọ kìlọ̀ fún wọn.